Èènì Tí Dókítà Fi Sí Orí Bàbá Rẹ

Agbolé Télọ̀,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Ojú Irin,
Ifọ̀.
Oṣù Kẹsàn-án, 1957.

Ṣàmsúdéènì, Àjàní ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Èkó níbẹ̀? Ṣé ara le? Ṣé òtútù etí ọ̀sà kò mú ọ, ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì kò fi ìdààmú kún iṣẹ́ rẹ? Ọlọ́run tí kì í sùn yóò máa ṣọ́ ọ nígbà tí o bá ń sùn. Ilẹ̀ Èkó kò ní fi orúkọ rẹ pe ibi. Ẹni tó bá ní kí o má jẹun yó, òun ni Ọlọ́run yóò rán láti gbé oúnjẹ wá bá ọ. Àmín. Gbogbo àdúà tí mo bá gbàgbé, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, kí Ó fi ṣe èènì fún ọ.

Èmi ìyá rẹ Ròkíátù ni mo ń kọ ìwé yìí o, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi ń kọ ọ́, n kò bẹ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tí Tíṣà Fọláwẹ̀mí ti dá ilé ẹ̀kọ́ àgbà sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo ti kúrò nínú àwọn tí ń fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Bí o bá rí ibi tí ìlà ti gun òkè, orí àpótí ìrẹsì ni mo ti ń kọ ọ́, àpótí ni kò tẹ́jú, kì í ṣe èmi. Nígbà tí mo fẹ́ fi ti ìṣáájú ránṣẹ́, akọ̀wé pósọ́fíìsì ní kí n fi itọ́ sí ẹ̀yìn sítáḿpù kí n lẹ̀ ẹ́. Mo wò ó, orí ọbabìnrin ló wà lára rẹ̀. Mo ní ṣé ẹ̀yìn orí ọbabìnrin ni kí n fi itọ́ sí? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Kábíyèsí kí n tó fi ahọ́n kàn án. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èèyàn kò mọ ẹni tí yóò lọ fẹjọ́ òun sùn ní ìlú òyìnbó.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ewúrẹ́ dúdú rẹ nì bí ìbejì, mo ti so okùn pupa mọ́ wọn lọ́rùn kí bàbá rẹ má bàa fi wọ́n ṣe sàráà. Mo lọ ra ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, òjò bá wa lọ́nà, mọ́tò wa rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́bàá Mowé, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ tì í, awakọ̀ kò sì dín kọ́bọ̀ kan nínú owó wa, a sanwó a tún ti mọ́tò. Ládi ọmọ alápatà ń béèrè rẹ. Mo ní o ń bọ̀, n kò sọ ọjọ́.

Ó yá, ọ̀rọ̀ tí mo torí ẹ̀ mú kálámù. Sàlísù gáàdì, tí ń bá ọkọ̀ ojú irin lọ tó ń bá a bọ̀, jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an fún mi. Ó ní o ní dókítà òyìnbó tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ ń béèrè rẹ̀, pé kí ó padà wá kí Màólúdì tó dé, pé àwọn fẹ́ tún wo inú orí rẹ̀. Mo gbọ́. Mo fún Sàlísù ní omi tútù, mo ní kí ó máa lọ. Àjàní, èsì iṣẹ́ náà nìyí: bàbá rẹ kò lọ. N kò tilẹ̀ sọ fún un pé wọ́n ń pè é. Jókòó, kí o ka ìdí rẹ̀ tán kí o tó bínú sí mi.

O mọ̀ bí ó ti rí kí a tó gbé e wá bá ọ. Orí ló ń fọ́ ọ láràárọ̀, ó ń bì, ó wá di pé ó ń ránṣọ tí kò mọ ohun tí ó ń rán mọ́, tó rán apá bùbá Lèmọ́mù mọ́ ibi ọrùn. Lọ́jọ́ tó ṣubú lé ẹ̀rọ ìránṣọ lórí ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kọjá àgbo. Àwa méjèèjì la jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí wọ́n ní kókó kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀, tó tó ẹyin ẹyẹlé. Ìwọ lo di ọwọ́ mi mú. N kò gbàgbé ìyẹn, Ọlọ́run kò ní gbàgbé rẹ. Ṣùgbọ́n fótò tí wọ́n yà fún un kí wọ́n tó là á lórí ṣì ń dùn mí títí di òní. Wọn kò jẹ́ kó dé fìlà, wọn kò ní kó túra ká, wọ́n wá yà á tán, egungun nìkan ló jáde. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹni tó ya fótò yìí kò mọ iṣẹ́, ọkọ mi kò rù tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tún un yà.

Ìwọ sìn wá dé inú ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀, o sì padà, nítorí náà o kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a sọ̀ ní Ifọ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni Àlàájì Tàjùdéèn ń ti Mẹ́kà dé, ọkọ̀ kan náà la jọ wọ̀ láìmọ̀. Wúlẹ̀mọ̀tù àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń kọ wákà ti kún ibùdókọ̀, wọ́n ń dúró dè é. Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Báńdéèjì funfun tí wọ́n wé mọ́ ọn lórí, ìwọ náà rí i bí ó ti tóbi tó. Ó ń rìn jẹ́jẹ́, mo di apá rẹ̀ mú, kẹ́tùrù wà lọ́wọ́ mi kejì. Wọ́n ní láwàní nìyẹn! Wọ́n ní Àlàájì dé! Ẹni tó ń kúnlẹ̀ ń kúnlẹ̀, ẹni tó ń gbé ọmọ wá kó fi ọwọ́ kàn án lórí ń gbé e wá. Àlàájì Tàjùdéèn fúnra rẹ̀ sọ̀ láti iwájú ọkọ̀, ó dúró ti ẹrù rẹ̀, ó ń wá ẹni tí yóò kí i. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé ọ̀dọ̀ dókítà la ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n orin ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá rẹ la ẹnu.

Mo di ojú. Àjàní, o mọ ohùn bàbá rẹ. Orin dùn mọ́ ọn, òun ni kò dùn mọ́ orin. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, ó kọrin, ìyá mi láti inú yàrá ní ta ló ń ṣàìsàn. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ, ìwọ tí o ti ń sùn, ó kọrin, o ta jí, o sì ké dọ́jọ́ kejì. Ní àsàlátù, wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó máa fi ọkàn ṣe tirẹ̀, Ọlọ́run gbọ́ ti ọkàn. Bí Màólúdì bá dé, àtùpà ni wọ́n máa ń gbé lé e lọ́wọ́, kí ọkàn rẹ̀ lè wà lára àtùpà kó má rántí orin. Yóò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá ń padà sílé, yóò sọ fún mi pé, “Ìyá Ṣàmsú, nínú mi lọ́hùn-ún, ó dùn o.” Màá ní kó rọra, kòtò wà níwájú.

Àfi bí ó ṣe gba orin náà lẹ́nu Wúlẹ̀mọ̀tù ní ibùdókọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbà á, ó gbé e sókè, ó yí i síhìn-ín ó yí i sọ́hùn-ún, ó sì dá a padà fún un láìfọ́. Wúlẹ̀mọ̀tù tí kì í gbàgbé ègbè gbàgbé ègbè. Mo la ojú, mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́. Ọ̀gá ibùdókọ̀ fẹ́ ju àsíá kí ọkọ̀ lè máa lọ, àsíá dúró sókè lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó di pé a kúrò níbẹ̀, Àlàájì Tàjùdéèn alára ti jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó ń gbe orin tí wọ́n ń fi kí òun tìkára rẹ̀. Inú mi dùn débi pé kẹ́tùrù bọ́ lọ́wọ́ mi, ibi tó tẹ̀ sí ṣì wà níbẹ̀, n kò ní jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe láéláé.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa kò ṣe é sọ. Bí bàbá rẹ bá ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá orin lọ, èrò á dúró lójú ọ̀nà, ẹni tí kò ní aṣọ láti rán á lọ rà. Ó ní ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Àgbàdo bọ̀ ń fọn fèrè tirẹ̀ gún régé, ti ọ̀nà Ìdògò ló ń fọn ún wọ́. Ó lọ sọ fún ọ̀gá ibùdókọ̀ pé kó tún un ṣe. Ọ̀gá náà ní òun yóò kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá òun ní Èkó, nítorí náà bí o bá rí wọn níbẹ̀, bá wa rán wọn létí. Ó tún bá Bùrẹ́ímọ̀ ládàánì jà, ó ní bó ṣe ń pe ìrun ń já sí ìsàlẹ̀ níparí. Bùrẹ́ímọ̀ ní láti ìgbà wo ni agbátùpà ti ń kọ́ ládàánì ní ìpè? Lèmọ́mù ní kí àwọn méjèèjì pè é létí òun. Nígbà tí bàbá rẹ pè é tán, Lèmọ́mù nu ojú, ó ní kí Bùrẹ́ímọ̀ máa wá sílé wa kọ́ ọ. Ó sì ń wá. Wọ́n wá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní lọ́dún yìí, bàbá rẹ ni yóò ṣíwájú orin Màólúdì. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá sọ ọ́, kò jẹun alẹ́, ó kàn ń rẹ́rìn-ín sí ògiri. Ó ti gé aṣọ funfun tí yóò wọ̀.

Wàyí o, Àjàní, láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́ ni mo ti ń ta ìrẹsì, mo mọ ọjà. Ohun tí a lọ rà lọ́wọ́ dókítà, ìlera ni. A ní kó yọ kókó, ó yọ kókó, kóńgò wa kún, ọjà parí. Ibo wá ni orin ti wá? Èènì ni. Inú òyìnbó náà ló dùn sí wa, bóyá nítorí bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Ó sì dájú pé kò mọ èènì bù, ó bù ú ju ọjà lọ. Tíṣà Fọláwẹ̀mí ní ó lè jẹ́ pé orin ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, pé kókó ló jókòó lé e mọ́lẹ̀. Mo ní ẹ̀yin kò sí níbi ìgbéyàwó wa ni. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Wọ́n ti lọ wo ọjà wọn ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti rí i pé ó dín, wọ́n ń wá ibi tó gbà. Kí ni wọ́n tún fẹ́ wò nínú orí ẹni tí wọ́n ti wò sàn?

A kì í gba èènì padà, Àjàní. Bí mo bá bu èènì sí abọ́ oníbàárà mi, tó ti dì í, tó ti gbé e rù, tí mo wá ń sáré tẹ̀ lé e pé kó dá díẹ̀ padà, ta ni yóò tún ra ìrẹsì lọ́wọ́ mi láyé? Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, dọ̀bálẹ̀ kí o tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kó yé e. Bàbá rẹ ti dúró pẹ́ kó tó rí nǹkan yìí gbà.

Òótọ́ ni pé lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo rí i níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, ó fi ọwọ́ di ìpàkọ́ mú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo ní ṣé orí ń fọ́ yín ni? Ó ní rárá, oorun ni. N kò tún bi í.

Àjàní, mo fi kálámù sílẹ̀ níbi tí o kà dé yẹn ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sídìí rẹ̀. Bàbá rẹ ló wọlé wá mú téèpù tó fi ń wọn èèyàn. Ó bá mi nídìí ìwé, ó ní kí ni mò ń kọ tó gùn tó báyìí. Mo ní Ṣàmsú ni mò ń kí. Ó ní kí n kà á sóun létí, o mọ̀ pé ó fẹ́ràn kó máa gbọ́ bí mo ṣe ń kàwé. Mo rò ó pé bí mo bá dé ibi ọ̀rọ̀ dókítà, màá fò ó. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà, Tíṣà kò tíì kọ́ wa ní bí a ṣe ń fo ìlà. Ìka mi ń lọ, ẹnu mi ń tẹ̀ lé e, ni mo bá ka gbogbo rẹ̀ títí dé orí àlùwàlá.

Ó rọra jókòó sórí àpò ìrẹsì, ó ní, “Ìyá Ṣàmsú, nígbà tí ẹ gbé mi lọ sí Èkó, kí lẹ lọ rà?”

Mo ní ẹ̀mí yín ni.

Ó ní ṣé a rí i rà? Mo ní a rí i rà, Àlùhámúdùlílàhì. Ó ní, “O wí ire, orin yìí, èènì ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń torí èènì fi ọjà tó rà sílẹ̀ lórí àtẹ?”

Àjàní, ẹkún gbọ̀n mí. Mo ní ẹ ti ń wá orin yìí láti ìgbà èwe yín, bí wọ́n bá gbà á ńkọ́? Mo ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ó fi eteetí aṣọ funfun Màólúdì nù mí lójú, ó ní, “Tẹ́lẹ̀, èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ nínú mi. Báyìí gbogbo Ifọ̀ ti gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá gbà á, màá padà gbé àtùpà mi.” Lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ pé orí ti ń fọ́ òun láàárọ̀ láti bí ọjọ́ mélòó kan, pé òun kò sọ nítorí pé òun náà ń bẹ̀rù kí Màólúdì má bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹ wo àwa méjèèjì, a jọ ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ara wa nítorí orin.

Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo ní kí o lọ sọ fún dókítà lókè, má sọ ọ́ mọ́. N kò pa á rẹ́ nítorí ìwé wọ́n. A ń bọ̀. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ la ó wọ̀, wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ Ìdó, má jẹ́ kí n ṣèèṣì lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Bàbá rẹ ti pe Bùrẹ́ímọ̀, ó ní kó wá kọ́ orin Màólúdì náà délẹ̀délẹ̀, pé bí òun bá ṣófo dé, kí orin má ṣófo. Àwọn méjèèjì wà ní ìta báyìí, wọ́n ń kọ ọ́, Bùrẹ́ímọ̀ sì ti ń mọ̀ ọ́n, ta ló rò pé a lè rí irú èyí.

Fi owó díẹ̀ rán Sàlísù sí wa fún wíwọ ọkọ̀, kí o sì fi ti ìró tuntun kún un, kí n lè dúró dáadáa níwájú dókítà. Bàbá rẹ ní kò sóhun tó ṣe ìró mi, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé ìró ìyàwó télọ̀ ló máa ń gbó jù. Màá ru ìrẹsì Ọ̀fàdà wá fún òyìnbó náà, màá wọn ọ́n lójú rẹ̀, màá bu èènì sí i títí èènì yóò fi pọ̀ ju ìrẹsì lọ, kí ojú lè tì í. Kí o sì bá mi bẹ ẹni tó ń ya fótò níbẹ̀ pé kó jẹ́ kí bàbá rẹ dé fìlà lọ́tẹ̀ yìí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a bá ọ láyọ̀. Ìwọ náà yóò ra ojúlówó lọ́jà ayé, Ọlọ́run yóò sì bu èènì tí kò ní gbà padà lé e fún ọ. Bí o ṣe di ọwọ́ mi mú lórí bẹ́ǹṣì, ọmọ tìrẹ yóò di tìrẹ mú. Ọ̀nà bàbá rẹ kò ní gùn ju bí ó ti yẹ lọ. Ṣe àmín sí i.

Ó ku ohun kan. Tíṣà ní rédíò oníbátìrì kan. Ó sọ fún wa pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ lè ti relé lọ jẹun, ohùn rẹ̀ ni wọ́n kó pamọ́. Mo rò ó pé bí wọ́n bá lè kó ohùn pamọ́ sínú àpótí onígi, ti àpò ìwé kò ní ṣòro, òun ló tilẹ̀ fúyẹ́ jù. Bí mo bá ti kọ orúkọ mi tán, màá pe bàbá rẹ wọlé, màá ya ẹnu àpò ìwé yìí sí i lẹ́nu, kó kọ orin Màólúdì sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, màá sì fi itọ́ dí i wéré. Torí bẹ́ẹ̀, má ṣí i síta níbi tí mọ́tò ti ń pariwo. Wọ yàrá rẹ, ti ilẹ̀kùn, ṣí i díẹ̀díẹ̀. Mo mọ̀ pé o ti ṣí i ná kí o tó kà débí, èmi ni kò tètè rò ó. Bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan, má sọ fún bàbá rẹ nígbà tí o bá wá pàdé wa. Sọ fún un pé nínú rẹ lọ́hùn-ún, ó dùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ròkíátù, ìyàwó Télọ̀.